Sàfúrátù Ìtọ̀kú àti Ẹ̀rọ Ìfọfíìmù Inú Ilé

Kò sí ẹni tí ó gbé àdúgbò Ìtọ̀kú ní Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé dídá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí aṣọ dúdú máa ń dí fèrèsé rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ni Sàfúrátù, ọmọ Kùdírátù aláró, ti ń ya fọ́tò. Obìnrin tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Àwọn àlejò a máa yọjú wọlé, wọn a wo òsì, wọn a wo ọ̀tún, wọn a sì béèrè pé, "Onífọ́tò dà?"

"Òun ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yìí," ni Sàfúrátù yóò wí. "Ẹ jókòó. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má mí o."

Àárín ìkòkò aró ni wọ́n bí i sí. Kí ó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni ó ti mọ aró tí ó tó rẹ aṣọ sí, tí ó sì mọ èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ di ọ̀túnla. Ní òwúrọ̀, yóò gbé wàláà, pátákó ìkéú rẹ̀, lọ sí ilé-kéú Ààfáà Sàlàhúdíìnì, ẹni tí ó ń dá fìlà tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Àlùkùránì. Ààfáà yìí le púpọ̀. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ tí aró kùn kan wàláà, Ààfáà a ní, "Lọ fọ ọwọ́ ìyá rẹ dànù, kí o sì mú tìrẹ wá." Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Sàfúrátù nítorí pé kì í gbàgbé ohun tí a bá kọ́ ọ. Òun àti Mọ́nsúrù, àbíkẹ́yìn Ààfáà, ni wọ́n jọ máa ń díje nínú kíka súúrà.

Nígbà tí Sàfúrátù parí ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà, èyí tí ó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti ya ìdí ìkòkò kan sọ́tọ̀ dè é. Ọmọ náà ní fọ́tò yíyà ni òun yóò kọ́. Kùdírátù bínú títí, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Herbert ní Aké ni Sàfúrátù ti kọ́ iṣẹ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí ó mọ́ tónítóní ni ọ̀gá yìí. A máa so táì mọ́rùn wọ inú yàrá òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Fíìmù dúdú-òun-funfun ni wọ́n ń fọ níbẹ̀, Sàfúrátù sì mọ̀ ọ́n fọ̀ débi pé ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn kan iṣẹ́ àwọn oníbàárà pàtàkì.

Àwọ̀ ni ó wá da gbogbo rẹ̀ rú. Lójijì, kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ kí lésì òun jáde bí eérú. Gbogbo ènìyàn ń béèrè fọ́tò aláwọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fọ̀ ọ́ ní Abẹ́òkúta. Èkó ni wọ́n ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí, awakọ̀ ni yóò gbé e lọ, awakọ̀ kan náà ni yóò gbé e bọ̀ bí ó bá rántí. Ọmọ tí a yà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yóò ti máa rá kí fọ́tò rẹ̀ tó dé. Nígbà mìíràn, fọ́tò ẹlòmíràn ni yóò dé. Nítorí èyí, àwọn onífọ́tò gbogbo ní òfin kan tí wọn kì í rú: fíìmù tí kò kún, a kì í fọ̀ ọ́. Ta ni yóò rán ìdajì fíìmù lọ sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀?

Ní Wásinmi ni Sàfúrátù ti pàdé ẹ̀rọ tí ó yí ayé rẹ̀ padà. Òyìnbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní agbègbè náà ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì kó ohun ìní rẹ̀ síta kí àwọn ènìyàn wá rà á. Àga ni Sàfúrátù bá lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà ni ó rí ọpọ́n ike funfun kan tí kò ju ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ lọ. Omi ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀. Iná mànàmáná a mú kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Agolo dúdú kan tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀ a dùbúlẹ̀ sínú omi náà, ẹ̀rọ kékeré kan a sì máa yí i bìrìbìrì. Fíìmù ni ó ń wà nínú agolo, oògùn ìfọfíìmù a sì máa ṣàn yí i ká. Òyìnbó náà ní lórí tábìlì ìdáná òun ni òun ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ láti ọjọ́ yìí. Sàfúrátù gbàgbé àga.

Ìyàwó òyìnbó kò fẹ́ owó tí kò ní lè ná ní ìlú rẹ̀. Àdìrẹ ni ó fẹ́. Bí Sàfúrátù ṣe lọ tú àpótí ìyá rẹ̀ nìyẹn.

"Aṣọ mi!" ni Kùdírátù ké. "Aṣọ tí mo fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sí lára títí ojú mi fi ń ṣú! Ike ni o fi pààrọ̀ rẹ̀?"

"Ìyá, ẹ ní sùúrù. Ìkòkò aró ni èyí náà. Òyìnbó ni ó mọ ọ́n."

"Ìkòkò aró tí kò lè gba ìró kan! Ó dára. Kí a máa wò ó."

Ọ̀gá Herbert wá wo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Ó yí i po, ó fi ọwọ́ kàn án, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Sàfú, gbọ́ mi. Ẹ̀rọ tí ó tóbi bí yàrá ni wọ́n fi ń ṣe é l'Ékòó, ìwọ gbé ọpọ́n ìwẹ̀ dé. Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Èkó ni mo ti máa rà á, ọ̀gá."

"Lọ́jọ́ tí kò bá sí l'Ékòó, kí ni o máa bù sí i? Aró ìyá rẹ?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Wọ́n sì ní ẹ̀rọ ńlá kan ń bọ̀ tí yóò máa fọ fíìmù kí oníbàárà tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tán. Ta ni yóò wá rántí tìrẹ nígbà náà?"

Sàfúrátù lọ wá ẹni tí yóò gbé fíìmù fún òun. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adébímpé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ, ó sì gbà kí wọ́n fi fíìmù òun ṣe àkọ́fọ̀. Ó wù ú kí ó rí fọ́tò ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì jọ fọ́tò náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà kò lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ aláró. Ní ìdí aró, ẹni tí ó bá rẹ aṣọ tí kò gbé e sókè sí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lásán. Àwọ̀ ewé ni aṣọ máa ń ní bí ó bá kọ́kọ́ jáde láti inú ìkòkò. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ó ń di dúdú, wọn a sì ní aró náà ti jí. Ọwọ́ Sàfúrátù mọ èyí láti kékeré. Nígbà tí ó da oògùn àkọ́kọ́ nù, tí ó sì kà nínú ìwé ẹ̀rọ náà pé oògùn kejì ni yóò mú kí àwòrán dúró, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé àwọ̀ náà ní láti kọ́kọ́ jí. Báwo ni a ṣe lè mú ohun tí kò tíì jí dúró? Ó ṣí agolo, ó fa fíìmù jáde, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó sì ń jù ú fìrìfìrì nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bí ẹni tí ń ju aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ.

Fíìmù náà jí lóòótọ́. Ó jí, ó sì dúdú kanlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọmọ mi dà níbí?" ni Adébímpé béèrè, ó gbé fíìmù náà sókè sí oòrùn. "Sàfúrátù, èwo ni ọmọ mi nínú òkùnkùn yìí?"

Ẹ̀sín náà kárí Ìtọ̀kú. Bí Sàfúrátù bá ń kọjá, àwọn obìnrin ìdí aró a ní, "Ẹ má gbé fíìmù fún un o, yóò sá a bí èlùbọ́!" Ó tún ọmọ Adébímpé yà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì rán fíìmù náà sí Èkó. Lẹ́yìn èyí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù tirẹ̀ kọ́ ara rẹ̀. Ó ya ewúrẹ́, ó ya ìkòkò, ó ya ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn àwòrán náà ń jáde dáadáa. Pupa di pupa, ewé di ewé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé fíìmù rẹ̀ fún asáfíìmù? Iṣẹ́ ti yé e, oníbàárà kò sì sí.

Ní àkókò ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun alásárì, Sàfúrátù ń kọjá níwájú ilé Ààfáà Sàlàhúdíìnì. Ààfáà ti darúgbó. Ó jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà tí kò tíì dá tán wà lórí orúnkún rẹ̀. Sàfúrátù yára fi gèlè bo kámẹ́rà tí ó gbé kọ́rùn, nítorí gbogbo Ìtọ̀kú ni ó mọ̀ pé Ààfáà kò fẹ́ràn àwòrán. Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti mú kí Mọ́ṣúdù, àkọ́bí rẹ̀ tí ó ń ta aṣọ, yọ fọ́tò ìgbéyàwó ara rẹ̀ kúrò lára ògiri.

"Kí ni o fi pa mọ́?" ni Ààfáà béèrè.

"Kámẹ́rà ni, Ààfáà. Ẹ má bínú."

"Gbé e jáde. Kọjú rẹ̀ sí mi."

Sàfúrátù rò pé ó ń dán òun wò, ó tún fa gèlè náà bo kámẹ́rà dáadáa.

"Mọ́nsúrù ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó," ni bàbá náà wí pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. "Ó ní bí òun bá dijú, òun kì í rí ojú mi kedere mọ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti lọ kàwé níbẹ̀. Ọlọ́run Aláàánú ni, yóò dárí jì mí. Yà mí, kí o sì rí i pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àmáánà ni o, mo fi sí ọ lọ́wọ́. Má sọ fún Mọ́ṣúdù. Yóò fi mí rẹ́rìn-ín títí n ó fi kú."

"Mo gbà á, Ààfáà. Kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó rí i yà. Ààfáà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó tó," ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán fìlà.

Fíìmù aláwọ̀ ni ó wà nínú kámẹ́rà náà, kò sì tíì dé ìdajì. Sàfúrátù kò jẹ́ fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ dán irú àmáánà bẹ́ẹ̀ wò. Ó ní bí fíìmù náà bá kún, Èkó ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí yóò mú un kún kò yọjú, òun náà kò sì jẹ́ fi ewúrẹ́ kún fíìmù tí Ààfáà wà lórí rẹ̀. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, òjò bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, wọ́n lọ jí Ààfáà fún ìrun àsùbáà, kò jí. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Mùsùlùmí, wọ́n ti sin ín kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Mọ́nsúrù wọlé láti ìlú òyìnbó. Iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè ti gbẹ. Bí àdúrà bá ti parí, ó gbọ́dọ̀ padà lọ bá ìdánwò rẹ̀. Nígbà tí Sàfúrátù lọ kí i ní òwúrọ̀ kùtù, orí awọ àgbò bàbá rẹ̀ ni ó ti bá a, kò jẹ, kò mu.

"Ẹ kú ìrójú o," ni Sàfúrátù wí fún gbogbo ilé. "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn."

Mọ́nsúrù gbójú sókè. "Sàfú, báwo ni ojú wọn ṣe rí nígbẹ̀yìn? Ẹnì kan ní irùngbọ̀n wọn ti funfun tán. Ẹlòmíràn ní ó ṣì dúdú níwájú. Ẹlòmíràn ní wọ́n rù. Gbogbo yín ni ẹ rí wọn, ẹ kò sì lè fi wọ́n hàn mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sàfúrátù lára. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sọ ohun tí Ààfáà fi sí i lọ́wọ́.

Mọ́ṣúdù, ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù, dìde dúró. "Bàbá wa? Wọ́n ya fọ́tò? Sàfúrátù, ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá, bùọ̀dá. Fíìmù náà wà nínú kámẹ́rà."

"Bàbá tí ó mú kí n yọ ìyàwó mi lára ògiri bí ẹni yọ èèkàn!"

"Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n yà wọ́n. Bí ẹ bá jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ yìí, Mọ́nsúrù yóò rí wọn kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀."

"Kí ìwọ fọ̀ ọ́?" Mọ́ṣúdù pàtẹ́wọ́. "Ìwọ tí o sá ọmọ Adébímpé bí èlùbọ́! Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni o sọ, gbé fíìmù náà wá, a ó rán an sí Èkó."

"Èyí tí a rán sí Èkó ní oṣù tí ó kọjá, ìyàwó ọlọ́pàá kan ni ó padà dé fún wa," ni Ọ̀gá Herbert, tí òun náà wá kí wọn, wí láti orí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí Sàfúrátù. "Ṣùgbọ́n fíìmù tí kò kún, a kì í fọ̀ ọ́. Mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ àbí n kò kọ́ ọ?"

"Ẹ kọ́ mi, ọ̀gá. Nítorí pé Èkó jìnnà ni ẹ ṣe kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tèmi kò jìnnà. Bó jẹ́ àwòrán ẹyọ kan ni ó wà nínú fíìmù, mo lè fọ̀ ọ́."

Ọ̀gá Herbert fi ọwọ́ pa táì rẹ̀. Ó hàn gbangba pé kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà yẹn rí.

Mọ́nsúrù ni ó dá ẹjọ́ náà. "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Bí ó bá bàjẹ́, tèmi ni ó bàjẹ́. Sàfú, fọ̀ ọ́."

"Ó dára," ni Mọ́ṣúdù wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá ba ojú bàbá mi jẹ́, Sàfúrátù, má ṣe kí mi mọ́ ní Ìtọ̀kú títí ayé."

Gbogbo wọn bá a délé. Sàfúrátù wọ yàrá òkùnkùn, ó fi ọwọ́ ká fíìmù náà sínú agolo dúdú, ó dé ọmọrí rẹ̀ mọ́ra pinpin, lẹ́yìn náà ni ó tó ṣílẹ̀kùn. Ó ki agolo náà bọ ẹ̀rọ. Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tẹ́mómítà tí ó ń wọn ooru rẹ̀ sì dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ó da oògùn àkọ́kọ́ sí i. Agolo bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń dún kùù, kùù, bí àdàbà tí ó yó.

Iná lọ.

Agolo dúró. Bí oògùn náà bá dúró lójú kan, àwọ̀ yóò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Bí omi bá tutù, ojú Ààfáà yóò dàbí ojú aláìsàn. Kò sì sí bí a ṣe lè da oògùn náà padà kí a tún un ṣe.

"Mo sọ ọ́!" ni Mọ́ṣúdù ké. "Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀!"

Sàfúrátù yọ agolo náà kúrò nínú ẹ̀rọ, ó mú tẹ́mómítà, ó sì ní kí Mọ́nsúrù gbé ìgò oògùn kejì tẹ̀ lé òun. Ó gbá agolo náà mọ́ àyà, ó ń yí i bí ó ti ń sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ìdí aró. "Ìyá! Omi gbígbóná!"

Kùdírátù wà ní ìdí iná níbi tí ó ti ń bọ aṣọ kí àbẹ́là tí ó fi ya iṣẹ́ sí ara rẹ̀ lè yọ́. Ó rí agolo, ó rí ojú ọmọ rẹ̀, kò béèrè ìdí. Ó fa ọpọ́n kan súnmọ́, ó da omi tútù sí i, ó sì ń bu gbígbóná lé e. Ìgbọ̀nwọ́ ni ó fi wò ó, bí àwọn ìyá ṣe ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. "Ó tó. Wò ó."

Sàfúrátù ki tẹ́mómítà bọ̀ ọ́. "Ó kù díẹ̀, Ìyá. Ẹ fi igbá kan sí i. Ó tó!" Ó tẹ́ agolo sínú omi náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i, kò yára, kò falẹ̀. Mọ́nsúrù tẹríba lódìkejì, ó ń bá a yí i nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá rẹ̀. Ọ̀gá Herbert ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ojú, táì rẹ̀ sì ń ki orí bọ ìkòkò aró, kò mọ̀.

"Ó ku ìṣẹ́jú kan," ni ó ń kígbe. "Ó ku ààbọ̀. Da á nù!"

Sàfúrátù da oògùn àkọ́kọ́ nù láti ẹnu ọmọrí, ó sì gbé ìgò oògùn kejì. Ní àkókò yìí, àwọn aládìrẹ gbogbo ti yí wọn ká. Bí wọ́n ti rí i tí ọwọ́ rẹ̀ kan orí agolo, gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Má ṣí i o! Sàfúrátù, má ṣí i! Má sá a!"

"N kò ní ṣí i!" ni ó fi igbe dá wọn lóhùn. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ràn!" Ẹ̀rín pa gbogbo agbo náà, àti òun pàápàá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Oògùn kejì ṣe tirẹ̀, omi mímọ́ ṣàn yí fíìmù ká léraléra, lẹ́yìn náà ni ó tó ṣí agolo. Ó fà á jáde. Mọ́ṣúdù ni ó kọ́kọ́ rí i, ó sì fi ọwọ́ lérí.

"Pupa rúsúrúsú! Ó ti pa á! Irùngbọ̀n bàbá mi dúdú, ojú wọn bí ojú iwin!"

"Ẹ rọra, ọ̀gbẹ́ni," ni Ọ̀gá Herbert wí. Ó ti gba fíìmù náà, ó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí kí a tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ohun tí ó dúdú níhìn-ín, funfun ni. Irùngbọ̀n bàbá yín funfun bí òwú. Sàfú..." Ó mi orí. "Sàfú, n kò rí èyí tí ó mọ́ tó báyìí láti Èkó rí."

Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán, iná ti padà dé. Sàfúrátù tẹ àwòrán náà sórí ìwé ńlá, ó sì tún kó ìwé náà sínú agolo fún oògùn tirẹ̀. Nígbà tí ó gbé e jáde sí gbangba, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ààfáà Sàlàhúdíìnì jókòó níbẹ̀ lórí awọ àgbò rẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, fìlà aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ kejì, oòrùn ọyẹ́ lójú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ó ń ṣe ohun tí kò yẹ kí ó ṣe, tí ó sì ń gbádùn rẹ̀.

Mọ́nsúrù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ aró, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Arìnrìn-àjò tí ó bá padà délé ní láti kí àwọn ará ilé, òun kò sì tíì rí ẹni tí ó fẹ́ kí.

"Bàbá," ni ó wí. "Ẹ kú ilé o."

Kùdírátù ni ó gbẹnu òkú dáhùn, bí àgbàlagbà ti í ṣe. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni o dé?"

Ẹkún tí Mọ́nsúrù kò tíì rí sun láti ìlú òyìnbó bọ́ sílẹ̀ wàyí, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Mọ́ṣúdù tẹjú mọ́ àwòrán náà títí. "Ẹ wò ó! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín fún Mọ́nsúrù," ni ó wí níkẹyìn. "Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìbáwí ni mò ń gbà." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Sàfúrátù, máa kí mi o. Bí mo bá wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, wá kí mi níbẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àwòrán náà lọ síbi àdúrà. Nígbà tí bàbá àgbà kan béèrè ẹni tí ó ní ìgboyà láti ya Ààfáà ní fọ́tò, Mọ́ṣúdù ní, "Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ní kí Sàfúrátù ya àwọn. Bí ẹ bá ní ẹjọ́, ẹ lọ bá wọn rò ó." Àwòrán náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn tí Ààfáà ti nà rí ní ilé-kéú sì ń na ìka sí i pé ojú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, Mọ́nsúrù fi aṣọ àdìrẹ wé e, ó gbé e sí àyà rẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Sàfúrátù kò rí ọ̀nà ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn tí ó dúró síwájú rẹ̀. Àwọn kan mú fíìmù tí kò kún wá, tí ó ti pẹ́ nínú kámẹ́rà débi pé wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n yà. Ìyàwó kan tí ó ti Ọ̀fàdà wá mú fíìmù ìgbéyàwó rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni ó ti gbé ọmọ pọ̀n. Adébímpé wà níwájú pátápátá.

"Ọmọ mi ti ń rìn," ni ó wí. "Fọ ìrìn rẹ̀ fún mi kí ó tó máa sáré."

Àwọn onífọ́tò ìlú náà wá, ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwọn yàtọ̀. Níbo ni a ti lè rí irú ẹ̀rọ yìí? Ṣé oògùn rẹ̀ ṣì wà lọ́jà? Sàfúrátù kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wọn. Ó ní ẹ̀rọ náà ṣọ̀wọ́n, ó sì sàn kí wọ́n máa bá àwọn òyìnbó tí ń palẹ̀ mọ́ sọ̀rọ̀ ní kíákíá. Oògùn náà wà l'Ékòó, bí wọ́n bá para pọ̀ rà á, kò ní wọ́n jù fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá sì rí ẹ̀rọ rà lè ra agolo nìkan, kí ó wá kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ yí i nínú ọpọ́n omi.

Ọ̀gá Herbert dé kẹ́yìn, pẹ̀lú táì mìíràn, nítorí ti àná ti di àdìrẹ. Fíìmù àwọn oníbàárà rẹ̀ kún àpò rẹ̀.

"Sàfú, n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Ẹ̀rọ ńlá yẹn ń bọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí ó máa bọ̀, ọ̀gá." Sàfúrátù gba àpò náà, ó gbé e lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí ó bá dé, yóò bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bọ́ kóòtù yín, kí ẹ bá mi pọn omi."